Ẹ bi wá: Wọ́n ti tún eré ìgbà èwe mi ṣe, ṣé kí n wò ó?

Ẹ̀yin èèyàn wa, lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ eré ojú sánmà lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ gan-an. Méjì ni mo mú, èkíní ò ní gbà wá lásìkò, èkejì ni mo fẹ́ jókòó tì dáadáa torí ó wọ̀ mí lára.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà nínú kí wọ́n tún eré bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ àti kí wọ́n kàn máa bá a lọ? Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i.

Ìdáhùn: Ẹ má jà o jàre. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni pé ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ti àtijọ́ ṣì ṣẹlẹ̀ nínú tuntun. Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1963 ló bẹ̀rẹ̀, ó dáwọ́ dúró ní 1989, ó padà dé ní 2005, ìtàn kan náà ló sì ń lọ, torí látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ òṣèré àkọ́kọ́ ní 1966 ni wọ́n ti fi sínú ìtàn pé Doctor, ẹni tí eré náà dá lé lórí, lè pa ojú àti ara dà kó ṣì jẹ́ ẹni kan náà. Ìyẹn ni ká máa bá a lọ. Battlestar Galactica ti 2003 ní tiẹ̀, eré tẹlifíṣọ̀n lórí àwọn èèyàn tó ń sá ogun kiri lójú sánmà, wọ́n ṣe bíi pé ti 1978 ò wáyé rí, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Fíìmù Star Trek ti 2009 wá wà láàárín méjèèjì: ọkọ̀ kan já bọ́ láti ọjọ́ iwájú, bó ṣe dé báyìí ni ọ̀nà pín sí méjì, ti àtijọ́ ń bá tiẹ̀ lọ, tuntun gba ibi tiẹ̀, wọ́n tiẹ̀ tún mú Leonard Nimoy tó ti ń ṣe Spock látọdún 1966 wá, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ipò ẹ̀ jọ dúró lójú kan. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn, wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, Battlestar Galactica ti 1978 sì ni eré àkọ́kọ́ tí mo fi gbogbo ọkàn mi sí láyé yìí. Ẹ rí ojú pupa àwọn Cylon yẹn, àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń pa èèyàn kiri, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú irin tó wà lójú wọn, èmi àti àbúrò mi máa ń fi aṣọ pupa bo tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, màá wá máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lára ògiri, àbúrò mi á pariwo, ìyá wa á ní ká lọ sùn. Sáà kan péré ni wọ́n ṣe. Wọ́n dá a dúró ní 1979, àwọn èèyàn yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń wá Ayé kiri, wọn ò tíì dé ibẹ̀. Èyí tí wọ́n sáré ṣe tẹ̀ lé e ní 1980, ẹ jẹ́ ká fi yẹn sílẹ̀.

Ó lé lógún ọdún tí mo fi ń retí pé ẹnìkan á parí ìtàn yẹn fún wa. Ìgbà tó wá di 2003 tí wọ́n ní ó ń bọ̀, inú mi dùn gan-an, àṣé wọn ò parí nǹkankan, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ ni, Starbuck tó jẹ́ awakọ̀ ogun di obìnrin, Boomer ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ di obìnrin, Cylon wá ń rìn kiri bí èèyàn. Mo ní mi ò wò, mi ò sì wò ó títí dòní. Àbúrò mi ti kú ma. Ó máa ń ṣe mí bíi pé tí mo bá wo tuntun, mo ti gbà nìyẹn pé èyí tí àwa méjèèjì jọ wò ò ṣẹlẹ̀ rí.

Wàyí o, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, ti wo tuntun yẹn tán pátápátá, ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.” Mi ò rí èsì fún un. Ṣé àgídí lásán ni mò ń ṣe ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àfẹ́kù àbúrò yín, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Àgídí kọ́ rárá. Èèyàn tó bá rò pé eré lásán ni, kò tíì fi aṣọ bo tọ́ọ̀ṣì rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa dùn yín, kó má bàa jẹ́ pé ẹ máa jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa retí ẹ̀. Tuntun ò parí ti yín. Kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tẹ́ ẹ ti ń retí láti 1979, ẹnikẹ́ni ò ṣe é, mo sì rò pé ibi tó ti ń dùn yín jù nìyẹn, ó ju ọ̀rọ̀ Starbuck lọ. Èèyàn lè ṣọ̀fọ̀ ìtàn tí wọn ò parí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ Starbuck, èmi náà bínú nígbà yẹn, Dirk Benedict tó ṣe ti àkọ́kọ́ pàápàá bínú, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ìgbà tí mo wá rí Katee Sackhoff tó ṣe é nínú tuntun, níbi tó ti ń ta káàdì, tó gbé sìgá ńlá sẹ́nu, tó gbá ọ̀gá ẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kí eré tó lọ jìnnà, mo ní háà, Starbuck nìyí. Ìwà ẹ̀ pé síbẹ̀. Ti Cylon ló jinlẹ̀ jù lójú tèmi. Nínú ti yín, ẹ̀dá mìíràn tó dà bí aláǹgbá ló ṣẹ̀dá wọn. Nínú tuntun, èèyàn fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe wọ́n, ó fi wọ́n ṣẹrú, wọ́n dìde ogun sí i. Gbogbo ìbéèrè eré náà yí padà látibẹ̀: ti yín ń bèèrè bóyá wọ́n á ríbi sá sí, tuntun wá ń bèèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n yè é rárá, Adama, ọ̀gá ọkọ̀ Galactica, fẹnu ara ẹ̀ bèèrè ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn kí ìkọlù tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 50,000 ló ṣẹ́kù nínú gbogbo èèyàn, obìnrin tó di ààrẹ wọn sì ń kọ iye náà sójú pátákó funfun, tẹ́nì kan bá kú ó ń pa á rẹ́, ó ń kọ òmíràn. Mi ò lè gbàgbé pátákó yẹn. Ọ̀rọ̀ inú eré yìí wúwo débi pé ní oṣù kẹta 2009, wọ́n pe àwọn tó ṣe é lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kí wọ́n wá jíròrò lórí ogun àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Mi ò ní gbogbo ẹ̀ ló dáa o. Ó le, ó ṣókùnkùn, ìdùnnú tó wà nínú ti 1978 ò sí nínú ẹ̀, bí wọ́n sì ṣe parí ẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti Richard Hatch fún yín, òṣèré tó ṣe Apollo yín gan-an. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lòun náà fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń bẹ̀bẹ̀ kiri pé kí wọ́n jẹ́ kí ti àtijọ́ máa lọ, ó kọ ìwé lórí ẹ̀, ó fi owó ara ẹ̀ ya fíìmù kékeré kan láti fi han àwọn olówó pé ó ṣeé ṣe, wọn ò dá a lóhùn. Ìgbà tí wọ́n wá ní àwọn máa tún un bẹ̀rẹ̀, ó dùn ún wọra, kò fara mọ́ ọn. Ọ̀gbẹ́ni Ronald D. Moore tó wà nídìí tuntun pè é, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ó sì gbà láti wá ṣe nínú ẹ̀, ó di Tom Zarek, ẹlẹ́wọ̀n tó ń bá ìjọba fa wàhálà. Apá kan wà ní sáà àkọ́kọ́ tí òun àti Apollo tuntun ti kojú ara wọn nínú ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àgbà ń wo ọ̀dọ́ tó ń jẹ́ orúkọ tó ti jẹ́ rí, kò sì fi ìkorò ṣe é, ó ṣe é bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Ó kú ní 2017. Mo máa ń rò ó pé tó bá jẹ́ ẹnìkan wà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kẹ̀yìn sí tuntun títí láé, òun ni, ó sì wọlé.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n máa sọ ti àtijọ́ di ohun tí ò ṣẹlẹ̀. Galactica inú tuntun, ọkọ̀ ogbó ni, wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ọkọ̀ tuntun tó kù ti so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ mọ́ra, Adama nìkan ló takú pé wọn ò ní so ti òun pọ̀ mọ́ nǹkankan. Ọjọ́ tí Cylon dé, wọ́n gba inú kọ̀ǹpútà wọlé, gbogbo ọkọ̀ ogun tuntun kú fin-ín lójú sánmà, wọn ò lè yí, wọn ò lè yìnbọn, Cylon ń pa wọ́n bó ṣe wù ú. Kí ni wọ́n wá fi jà? Àwọn Viper àtijọ́, ọkọ̀ ogun kéékèèké, tí wọ́n tò sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá wòran. Ẹ wo ìrísí wọn dáadáa, ẹ máa dá wọn mọ̀, ti 1978 ni wọ́n fara jọ. Àwọn yẹn ló jáde lọ pàdé ogun.

Torí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá ọmọ yín wò ó, àmọ́ ẹ bá a dá àdéhùn: ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi ti 1978 hàn án, kó mọ ilé tẹ́ ẹ ti wá. Ti 2003 lẹ máa wá bọ́ sí, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tí kò bá wọ̀ yín lára lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta yẹn, ẹ sọ fún un, ẹ dìde, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Ẹ ṣáà fara balẹ̀ níbi ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ fi sọ ọkọ̀ náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké á fò kọjá, orin kan á sì dún, nínú ìtàn, wọ́n ní orin orílẹ̀-èdè wọn ni. Orin Stu Phillips ni, orin tó ń bẹ̀rẹ̀ eré tiyín ní 1978. Ẹ ní kí ọmọ yín dá a dúró níbẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wá sọ ti àbúrò yín fún un, àti ti tọ́ọ̀ṣì yẹn.