Tiransifọ́mà wo ló yẹ rélùwéè ìṣeré àtijọ́?

Ìbéèrè: Ọ̀gá oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Olóògbé ọkọ mi ra rélùwéè ìṣeré kan bọ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà tó lọ kàwé níbẹ̀. Lionel ni wọ́n kọ sí i lára, irin mẹ́ta ló sì ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà, wọ́n ti tú u jáde nínú àpótí. Tiransifọ́mà tó bá a wá dúdú, ó wúwo bí ọlọ, wọ́n kọ 115 fólítì, 60 sáíkù sí i lábẹ́. Ṣé kí n tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, àbí kí n wá tuntun?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Bí àwọn ọmọ bá ti ń gbé e kiri, ẹ gé púlọ́ọ̀gì ẹnu wáyà rẹ̀ kúrò lónìí.

Iná tiwa níbí, 230 fólítì ni, 50 sáíkù (sáíkù ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Bí ẹ bá so ti Amẹ́ríkà mọ́ ọn, ohun tó yẹ kó jáde sí ojú irin yóò di ìlọ́po méjì, ìyẹn bó bá pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Èkótẹ̀dó, ẹnì kan gbé rédíò tọ̀kunbọ̀ wá, èmi ni mo so ó mọ́ iná láì ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, òórùn fáníìṣì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó parí. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá mi fi ń yọ ọ́ lára owó oúnjẹ mi.

Ẹlòmíì á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń sọ 220 fólítì di 110. Ọkọ̀ yóò rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò lè sọ 50 sáíkù di 60. Bí sáíkù bá sì dín kù, irin inú tiransifọ́mà a máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. 110 fólítì lórí iná tiwa dà bí ìgbà tẹ́ ẹ gbé 132 lé e lórí nílé rẹ̀ lọ́hùn-ún. Pẹ̀lú wáyà onírọ́bà tó ti gbẹ, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́, èmi ò ní jẹ́ kí ọmọdé jókòó tì í. Ẹ nù ún dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rẹwà.

Kí a tó ra tuntun, ẹ jẹ́ ká mọ iná tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Irin méjì ni rélùwéè tó wọ Ìbàdàn ní 1901 ń rìn lé, ìdí nìyẹn tí irin mẹ́ta fi ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Irin àárín ló ń gbé iná wá, méjì ẹ̀gbẹ́ ló ń dá a padà. Ṣùgbọ́n kíka irin nìkan kò tó. Rélùwéè ìṣeré Hornby Dublo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irin mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ 12 fólítì DC ló ń jẹ (DC ni iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì). Mágnẹ́ẹ̀tì ló wà nínú mọ́tò tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fún un ní AC, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti iná ọba, á kàn máa gbọ̀n lójú kan, á máa gbóná. Ẹ ṣí abẹ́ tiyín, kẹ́ ẹ wo mọ́tò. Bó bá jẹ́ wáyà tí wọ́n yí mọ́ irin lẹ rí níbi tí mágnẹ́ẹ̀tì ìbá wà, ọkàn yín balẹ̀. (Ẹ má fi abẹ́rẹ́ dán an wò nídìí táyà. Láti 1950 ni Lionel ti ń fi mágnẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ nínú àwọn kan, kí táyà lè di irin mú.) Mọ́tò oníwáyà bẹ́ẹ̀ dà bí ti bulẹ́ńdà: AC tàbí DC, yóò yí.

Nítorí náà, ohun tí èmi yóò rà ni ṣájà láptọ́ọ̀pù, 19 fólítì, 3.42A. Ó ń gba iná láti 100 dé 240, kódà nígbà tí iná ọba bá ń ṣe bí àtùpà. Ẹ so bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n fi ń dín eré mọ́tò DC kù mọ́ ọn, wọ́n ń tà á nítòsí Queen Cinema. Wáyà kan sí irin àárín, ọ̀kan sí ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi fíùsì 3A sí wáyà irin àárín, torí ọkọ̀ tó bá yẹ̀ lójú irin, táyà rẹ̀ ló máa so irin àárín mọ́ ti ẹ̀gbẹ́.

Wàhálà kan wà níbẹ̀: fèrè. Lórí AC ni ọkọ̀ Lionel ń rìn, DC díẹ̀ tí wọ́n bá fi kún un ló ń mú fèrè fọn. DC ni ṣájà ń gbé jáde, nítorí náà lórí ṣájà fèrè yóò máa fọn láìdákẹ́. Bí fèrè bá wà nínú kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ nínú àpótí.

Bẹ́ ẹ bá ta kú pé AC lẹ fẹ́, ẹ wá ẹni tó ń yí kọ́ìlì tiransifọ́mà. Kó yọ ẹnu wáyà sí 8, 10, 12, 14 àti 16 fólítì, kó so wọ́n mọ́ súìṣì yíyí bíi ti fáànù, kí fíùsì sì wà níbẹ̀. Kọ́ìlì iná ọba àti kọ́ìlì ojú irin gbọ́dọ̀ dá wà. Ẹni tó bá ní kọ́ìlì kan ṣoṣo tó o, ẹ kó ẹrù yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kí ẹ tó fún un ní iná rárá, ẹ fi spirit nu ibi tí kábọ̀nù ti ń kan mọ́tò, kẹ́ ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀díẹ̀ sí ibi tó ń yí. Epo àtijọ́ ti di gọ́ọ̀mù. Rọ́bà ìpawérẹ́ ni kẹ́ ẹ fi nu irin, ẹ má lo kànìnkànìn onírin, eérún rẹ̀ á wọnú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kó kọ́kọ́ rìn, ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá fọwọ́ lé e tí ọwọ́ sì dúró síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ so ìyókù mọ́ ọn.