Wọ́tà pọ́ǹpù tòkunbọ̀: màámi, ẹ fi owó yín pamọ́

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Sienna ọdún 2005 ni mo ní, ọmọ mi ló ń fi kó èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn. Ó ti tó oṣù kan tí omi rédíétọ̀ rẹ̀ ti ń dín, àràárọ̀ la sì ń bu omi sí i. Tí wọ́n bá sítáàtì rẹ̀ ní ìdájí, á máa han bí ẹni ń súfèé. Mẹkáníìkì wa ti yọ thermostat rẹ̀ (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná), síbẹ̀ gééjì ìgbóná ń gòkè. Ó wá ní wọ́tà pọ́ǹpù ló lọ, pé ká má ra tuntun torí ayédèrú ló kún ọjà, ká wá tòkunbọ̀ tó dára ní Gate, n'Ìbàdàn. Ta lẹ lè júwe fún wa? (Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọkọ̀, màámi. N kò ní júwe ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ahun ni mo ń ṣe o. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó sì ti ń sú mi, torí ohun tí ẹ ní kí n bá yín wá gan-an ni ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: ta ló rí i pé pọ́ǹpù ló lọ? Omi tó ń dín nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Rédíétọ̀ lè máa jò, họ́ọ̀sì lè là, ìdérí rédíétọ̀ lè ti dẹ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awẹ́ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, náà lè ti jó: tí ọ́ìlì orí ọ̀pá ìwọnọ́ìlì bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, tàbí tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ láìdáwọ́dúró, ọgọ́rùn-ún pọ́ǹpù kò lè wo ìyẹn sàn. Ìsúfèé ìdájí yẹn náà, fáǹbẹ́líìtì tó ń yọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Nínú ẹ́ńjìnnì 3.3 tó wà nínú Sienna yín, fáǹbẹ́líìtì kọ́ ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù, táímìn bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì inú tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì yí bára mu, ló ń yí i. Bẹ́rìn pọ́ǹpù tó ti ń kú kì í súfèé bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń kùn, bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, kì í sì í dákẹ́ tí ọkọ̀ bá gbóná tán.

Ẹ̀rí tó dájú wà lára pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Nínú rẹ̀, ọ̀pá irin kan wà. Abẹ́bẹ̀ tó ń ti omi kiri wà ní orí kan, púlì wà ní orí kejì, bẹ́rìn wà láàárín, síìlì sì dènà kí omi má bàa dé ọ̀dọ̀ bẹ́rìn. Ojú méjì tó ń yọ̀ mọ́ ara wọn ni síìlì yìí, omi inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì dà bí ọ́ìlì tó ń bá wọn rọra. (Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.) Àwọn tó ṣe pọ́ǹpù lu ihò kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, kí omi lè gba ibẹ̀ jáde tí síìlì bá ti rẹ̀. Tó bá jẹ́ àbàwọ́n gbígbẹ nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá tutù, tó ń kán, ọ̀rọ̀ ti parí. Lára Sienna yín, ihò yìí fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́fà táímìn, lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ̀, nítorí náà abẹ́ kọ́fà yẹn lẹ ó ti rí omi tó ń kán, tàbí ìpẹ́pẹ́ funfun tàbí pupa tó gbẹ mọ́ irin bí iyọ̀.

Kò sí ìdí láti máa méfò. Irinṣẹ́ kan wà tó dà bíi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, a máa ń dè é mọ́ ẹnu rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, a ó fún un ní afẹ́fẹ́ tó bíi 15 psi (òdiwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń wọn táyà náà nìyẹn), a ó sì wo ibi tó ti ń jò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Mo ti rí ojú ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá kù tòkunbọ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ "tòkunbọ̀ le ju tuntun lọ" ti bẹ̀rẹ̀. Fún ilẹ̀kùn, bọ́ńpà àti iná iwájú, òótọ́ ni. Odidi ẹ́ńjìnnì pàápàá, wọ́n lè sítáàtì rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Wọ́tà pọ́ǹpù ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ gbọ́ lára rẹ̀ lórí tábìlì?

Ẹ wo bó ṣe dé Gate. Ọkọ̀ kan sáré ní Amẹ́ríkà títí tó fi ní jàǹbá tàbí tó darúgbó. Wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n tú u, wọ́n kó o sí kọ̀ǹténà. Ó lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí òkun, ó tún dúró sí èbúté, lẹ́yìn náà ó jókòó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ní gbogbo àkókò yẹn, síìlì tó jẹ́ pé omi ni ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ táútáú. Ìpàǹtí kúláǹtì (omi aláwọ̀ tí wọ́n ń rọ sí rédíétọ̀) gan mọ́ àárín ojú méjèèjì, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ le. Ohun tí òkun ṣe fún un nìyẹn kí ó tó bọ̀. Ẹni tó ń tà á á fi ọwọ́ yí i fún yín, á ní, "Ẹ wò ó, ó ṣì le dáadáa!" Kí ló mú un le? Ìpẹtà lè wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá pàdé omi gbígbóná ni ìpàǹtí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í họ ojú síìlì.

Ẹ tún fi ọjọ́ orí rẹ̀ kún un. Máìlì 90,000, bíi kìlómítà 145,000, ni Toyota ní kí a pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń pààrọ̀ pọ́ǹpù pọ̀ mọ́ ọn torí iṣẹ́ kan náà ni. Ta ló mọ iye tí tòkunbọ̀ yẹn ti sá?

Àti dé ibi tí pọ́ǹpù wà kì í ṣe eré. A ó tú púlì, a ó tú kọ́fà, a ó yọ táímìn bẹ́líìtì. Tí pọ́ǹpù bá tún jò, gbogbo rẹ̀ ni a ó tún tú, ẹ ó sì tún san owó wọ́kìmáńṣíìpù. Oníbàárà mi kan gbé tòkunbọ̀ tirẹ̀ wá. Mo bá a jiyàn, kò gbà, mo ní kó fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà dé, omi ti bo táímìn bẹ́líìtì. Ó ra pọ́ǹpù tuntun, ó ra bẹ́líìtì míì, ó sanwó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Orí tiẹ̀ ló bá a ṣe é, torí tí bẹ́líìtì bá fò tàbí tó já nínú ẹ́ńjìnnì 3.3 yìí, fáàfù àti písítìnì lè kọlu ara wọn. Nígbà náà, ẹ́ńjìnnì lẹ ó máa wá, ẹ ò ní rántí pọ́ǹpù mọ́.

Òótọ́ ni mẹkáníìkì yín sọ pé ayédèrú wà. Àmọ́ ẹni tó bẹ̀rù ayédèrú oògùn kì í tìtorí ẹ̀ gbé oògùn tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ mì. Aisin wà lára àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù fún Toyota, àmọ́ wọ́n ń ṣe ayédèrú páálí tirẹ̀ náà, mi ò sì lè jẹ́rìí ohun tí mi ò fojú rí. Ẹ wò bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì wà nínú páálí, bóyá irin rẹ̀ dán láìsí ìdọ̀tí, bóyá ọ̀pá rẹ̀ ń yí geere láìta kẹ́kẹ́ àti láìmì. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì bá ẹni tó tà á ṣàdéhùn pé á pààrọ̀ rẹ̀ tí kò bá bá ti àtijọ́ mu.

Kí wọ́n pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì àti tẹ́ńṣọ́nà rẹ̀ (èyí tó ń fà á le) lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n má fi sílíkọ́ọ̀nù kun ojú gásíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì, torí èyí tó bá já lè lọ dí rédíétọ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀méjì kí wọ́n rí i pé àmì táímìn bára mu, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Kúláǹtì ni kí ẹ rọ sí i, kì í ṣe omi bọ́họ̀. Èyí tí ẹ bá dà nù, ẹ má fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́ tàbí ọmọdé: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Mi ò tíì rí ọkọ̀ yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dípò àyẹ̀wò. Títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọmọ yín má fi kó èrò. Bí gééjì bá gòkè lójú ọ̀nà, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó pa á, kó má sọ pé òun kàn fẹ́ dé Ọ̀yọ́. Kí ẹ sì bi mẹkáníìkì yín bóyá thermostat tó yọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè dá a padà sí àyè rẹ̀. Bíi 82°C ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fún omi, kì í ṣe òun ló ń jò. Tó bá ti sọ ọ́ nù, òun ni kó ra òmíràn.