Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Ṣé Aṣòfin Lè Rán Ọ̀gá Ìjọba Lẹ́wọ̀n?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń rí àwọn aṣòfin l'Ábújá lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń jágbe mọ́ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba. Ṣé wọ́n lè rán wọn lẹ́wọ̀n, àbí ariwo lásán ni? — Òǹkàwé yín, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹjọ́ dídá kì í ṣe tiwọn, ti kóòtù ni. Àmọ́ abala 88 àti 89 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún wọn láṣẹ láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá, kí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ gbé ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Ní oṣù Keje ọdún 2020, níbi tí wọ́n ti ń bi adelé ọ̀gá àgbà NDDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, léèrè owó, ṣe ló dákú lórí ìjókòó, gbogbo ayé ń wò ó!

Nínú àwọn ìgbìmọ̀ aṣòfin, èyí tí èmi kà sí jù ni èyí tó ń yẹ àkáǹtì ìjọba wò. Abala 85 ló ní kí ìròyìn ayẹ̀wéowówò àgbà dé iwájú wọn. Mo ṣe ìṣirò owó fún ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Ariwo aṣòfin ò bà wá lẹ́rù rárá. "Rìsíìtì dà?" ló ń mú ọ̀gá làágùn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ìgbìmọ̀ á parí iṣẹ́, ìròyìn á wọ fáìlì, kò ní sẹ́ni tó máa gbé e dé kóòtù.