Ìyàwó Mi Ò Sùn Láti Ìgbà Tó Ti Bímọ

Bàbá Ìkókó l'Óṣogbo,

Mo rí lẹ́tà yín. Ẹ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí ìyàwó yín bímọ, oorun ò sì kan ojú ẹ̀ láti òru mẹ́rin. Á tú aṣọ lára ọmọ, á máa ka ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ léraléra, á ní wọ́n ti pààrọ̀ tòun. Màmá yín ní àfiṣe ni, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn. Wòlíì ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìfẹnu kan omi. Ọsibítù lẹ̀yin ń rò, àmọ́ ẹ̀rù ń bà yín pé àdúgbò á ní wèrè lẹ fẹ́.

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Lónìí ni o.

Abisínwín làwọn ìyá wa ń pè é. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ìbímọ ni wọ́n so ó mọ́, wọn ò so ó mọ́ ọ̀tá. Nínú ẹgbẹ̀rún abiyamọ, ẹnì kan tàbí méjì ló máa ń ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbóògùn. Wọ́n ní wèrè tó bá ti wọ ọjà ò ṣeé wò mọ́. Àwọn tó ń pa á lówe náà ló ń ti aláìsàn mọ́ yàrá títí tó fi já wọ ọjà.

Mi ò bú oníṣègùn ìbílẹ̀ o. Wọ́n ti ń fi igi asofẹ́yẹjẹ mú orí aláìsàn rọlẹ̀ tipẹ́, kí òyìnbó tó yọ oògùn reserpine lára igi kan tó bá a tan ní 1952. Dókítà ọpọlọ, Adéoyè Lambo, bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ọpọlọ Àrò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954. Ilé àwọn ará abúlé làwọn aláìsàn ń gbé nígbà náà, tàwọn tẹbí wọn. Ṣùgbọ́n ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá lára ẹ̀, kí ló fẹ́ wò? Tí wòlíì bá fẹ́ ààwẹ̀, kí òun gbà á. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ jẹun.

Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Kì í ṣe pé ó burú; àìsàn yìí lè mú un ṣe ohun tí òun fúnra ẹ̀ ò ní ṣe láé. Ẹ má sì bá a jiyàn lórí ìka ẹsẹ̀.

UNIOSUN Teaching Hospital, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, ní dókítà ọpọlọ. Ẹ sọ fún wọn pé ó ń fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n lè mọ oògùn tí wọ́n máa fún un. Àdúgbò? Ẹ ní ara ìyá ọmọ ò yá. Irọ́ kọ́.

Ẹ mú káàdì tó fi bímọ dání, kí ẹ sì bẹ Màmá kí wọ́n bá yín lọ. Àwọn ló máa gbé ọmọ.