Bọ́ọ̀lù Tí Kò Wọlé, Ta Ló Ni Ín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Àwọn ọmọ ọdún 16 ni mò ń kọ́ ní baskẹ́tíbọ́ọ̀lù ní Yábàá. Láti ọ̀ọ́kán ni wọ́n máa ń jù ú. Bí kò bá ti wọlé, àwọn alátakò ló ń kó o lọ. Ṣé kí n ní kí gbogbo wọn máa sáré lọ sábẹ́ àwọ̀n ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí àwọn márààrún bá rọ́ lọ sábẹ́ àwọ̀n, ta ni yóò ṣọ́ ilé? Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta lọ. Kí ẹni tó ń darí eré padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró láàárín.

Ṣùgbọ́n irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ mú bírò. Ọmọ tó ju 10 láti ẹ̀yìn ìlà póìntì mẹ́ta, tí 2 wọlé, póìntì 6 ló mú wá. Bó bá sún mọ́ àwọ̀n, níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ póìntì méjì, tí 4 wọlé, ó di 8. Èyí tí kò sì wọlé níbẹ̀, nítòsí ló sábà máa ń bọ́ sí, lọ́wọ́ àwọn géńdé yín. Èyí tá a jù láti ìlà yẹn, ní mítà 6.75, máa ń ta jìnnà, pàápàá lára irin líle tó wà níta wa yìí. Bó bá jẹ́ igun ọ̀tún ni wọ́n ti jù ú, apá òsì ló sábà máa ń gbà. Kí ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má ju bọ́ọ̀lù póìntì mẹ́ta o. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù máa jù ú, nígbà táwọn yòókù mọ̀ pé ó fẹ́ jù ú.

Ẹ wò wọ́n dáadáa lọ́la: bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni tó ń wo bàlúù. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn á ti kẹ̀yìn sí wọn, á fi ìdí tì wọ́n sẹ́yìn. Ó parí nìyẹn. Bí ẹlẹgbẹ́ ọmọ yín bá ṣe ń gbọ́wọ́ sókè láti jù ú báyìí ni kí ọmọ yín ti ki ẹsẹ̀ kan bọ iwájú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kó má fọwọ́ tì í lẹ́yìn, rẹfirí á fọn fèrè. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tiwa, gólì ló ń ṣọ́ kó tó mọ baskẹ́tíbọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ tó fi ń ṣọ́ gólì ọ̀hún ló gbé lọ sí Amẹ́ríkà.

Bó bá wá rí i mú, ìṣẹ́jú àáyá 14 lẹ tún ní láti jù ú, kì í ṣe 24 ti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tó. Bí èèyàn méjì bá bò ó, kó jù ú padà síta.

Ní Sùúrùlérè, ní gbogbo Sátidé, ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, rebound, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tí wọ́n rí mú, nìkan ni mo máa ń kà fún wọn. Bọ́ọ̀lù tó wọlé ò ní póìntì. Ọmọ tó kúrú jù nínú wọn ló sábà máa ń borí.