Wọ́n ní àṣírí ìjọba ni, ṣé mo ṣì lè béèrè?

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́ pé tí wàhálà ńlá bá dé, ta ló máa darí ìlú, ibo làwa máa sá sí. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àṣírí ìjọba ni, kí n ṣọ́ra kí wọ́n má lọ mú mi. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Bàbá mi, kò sófin tó ní kí wọ́n mú yín torí pé ẹ béèrè. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá yẹn sọ ló jẹ́ irọ́ o. Ibi tí wọ́n máa gbé gómìnà pamọ́ sí, ọ̀nà táwọn ṣọ́jà máa gbà, kò síjọba tó máa sọ ìyẹn síta. Amẹ́ríkà gbẹ́ ilé sábẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Greenbrier fáwọn aṣòfin wọn nítorí bọ́ǹbù, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún kí ìwé ìròyìn tó tú u síta ní 1992.

Ta ló máa gorí àga ńkọ́? Ìyẹn ò fara sin, ó wà nínú kọ́nsítítúṣọ̀n, abala 191: igbákejì gómìnà ni, tí kò bá sí, olórí ilé aṣòfin, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Àwa Èkìtì la yẹ ká mọ̀ ọ́n jù, torí ní October 2006, lẹ́yìn tí wọ́n yọ Gómìnà Fayose, ẹni tó ń pe ara ẹ̀ ní gómìnà ju ẹyọ kan lọ, kí Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó kéde pàjáwìrì tó gbé Ọ̀gágun Olurin wá láti darí ìpínlẹ̀ wa.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ kọ létà lábẹ́ òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé àti àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba (Èkìtì náà ní tiẹ̀, ọdún yẹn kan náà). Ẹ má kọ ọ́ pé "ẹ fún mi ní ètò pàjáwìrì yín", ẹ ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa fi tilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́: ṣé ètò kankan wà lákọsílẹ̀, ìgbà wo lẹ tún un ṣe gbẹ̀yìn, èló lẹ ná lé e, ilé ẹ̀kọ́ wo lẹ yà sọ́tọ̀ fáwọn tómi bá lé nílé. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Abala 28 òfin FOI yẹn ní torí pé wọ́n kọ "àṣírí" sára fáìlì nìkan ò ní kí wọ́n má fún yín, abala 18 sì ní kí wọ́n yọ ibi tó jẹ́ àṣírí kúrò kí wọ́n kó ìyókù fún yín.

Ọjọ́ méje ni wọ́n ní, wọ́n lè fi méje mìíì kún un. Tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin náà ní 30 ọjọ́ láti gba kóòtù lọ, owó ìtanràn tí ọ́fíìsì tó bá kọ̀ láìtọ́ máa san sì jẹ́ ₦500,000.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí kọ́pì tiyín o. Wọ́n ti gba létà lọ́wọ́ èmi fúnra mi rí, nígbà tí mo padà lọ wọ́n ní àwọn ò rí mi rí, lọ́yà lásán làsàn! Ẹ kọ tiyín ná, ẹ jẹ́ kí n wò ó kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.