Ìyá Ìbejì, ẹ má gba ọmọ ajá tí wọ́n fi wébíìlì gbé ránṣẹ́ o

Ìyá Ìbejì kan tó ń gbé ní Kubwa níbí l'Abuja ló kọ̀wé sí mi. Ó ní àwọn olè fo fẹ́ǹsì ilé kejì sí tiwọn lóṣù tó kọjá, látìgbà yẹn oorun ò kun òun mọ́, òun wá fẹ́ ra ọmọ ajá, German Shepherd ló wù ú, kó lè bá àwọn ìbejì dàgbà. Ẹni mẹ́ta ló rí. Ọ̀kan wà ní Lugbe l'Abuja níbí náà, oríṣi ajá mẹ́rin márùn-ún ló ń tà, ó ní kí wọ́n wá pàdé òun ní Berger. Obìnrin kan wà ní Jos, òun ní òun ò lè ta ajá fún ẹni tí òun ò rí. Ẹ̀kẹta wà n'Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n ṣáà ti sanwó, òun á fi wébíìlì gbé e wá. Bàbá Ìbejì bá ní ajá lajá ń jẹ́, ta ló ń wọkọ̀ lọ sí Jos torí ajá. Ìyá Ìbejì wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé mò ń ṣàṣejù ni? Ibo ló yẹ kí n rìn dé?"

Ìyá Ìbejì mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ilé wa. Ẹ ò ṣàṣejù rárá. Lójú tèmi, ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti lè fojú ara yín rí ìyá tó bí ọmọ ajá yẹn nínú ilé tó bí i sí, tẹ́ ẹ sì lè fọwọ́ ara yín gbé e padà sílé lójú mọmọ, ibẹ̀ ò jìn jù. Ibi tí ìyẹn ò bá ti ṣeé ṣe, bó jẹ́ ẹ̀yìn ilé yín, ó jìn.

Torí náà ẹ gbàgbé ti Lugbe yẹn. Ẹni tó ń tọ́jú ajá dáadáa, á ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé ni, kò ní gbé ọmọ ajá wá sáàárín ariwo mọ́tò ní Berger. Àwọn oríṣi mẹ́rin márùn-ún yẹn gan-an ló ń já mi láyà jù, torí ọ̀pọ̀ irú wọn kì í bí ajá nílé, ńṣe ni wọ́n ń rà á kiri, wọ́n á wá kó gbogbo ẹ̀ sínú kéèjì kan, ibẹ̀ sì ni parvo ti ń ràn. Parvo yẹn, ọmọ ajá á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó sì lè wà lára ajá fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan kó tó hàn, àní ọmọ ajá tó ń fò sókè sódò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á ní Berger lè dùbúlẹ̀ àìsàn sí pálọ̀ yín kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tẹ́ ẹ bá wá pe ẹni tó tà á, fóònù ẹ̀ ò ní lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wíwo ọmọ ajá nìkan ò fi tó, ilé tó ti wá lẹ máa wò.

Ti Ìbàdàn, ajá dáadáa wà n'Ìbàdàn, wébíìlì ni mi ò fẹ́. Ọmọ ajá tí ò tíì ju oṣù méjì lọ, nínú páálí, lábẹ́ àga tàbí nínú búùtù, kó gba Lọ́kọ́ja wá dé gáréèjì Jabi nínú ooru yìí, kò sómi, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Tó bá kú lọ́nà ta lẹ fẹ́ mú? Fọ́tò tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí yín yẹn, ta ló mọ ajá ẹni tó jẹ́.

Obìnrin Jos yẹn ló wù mí. Ẹni tó ní òun fẹ́ rí yín kó tó tajá, tó ń béèrè ẹni tó máa wà nílé lọ́sàn-án àti bóyá géètì yín ń tì dáadáa, ẹni yẹn fẹ́ràn ajá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì wọkọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ bi dọ́kítà ẹranko tó bá wà nítòsí yín, torí àwọn ni wọ́n ń fún ọmọ ajá àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́, wọ́n mọ ẹni tó ń tọ́jú wọn àti ẹni tí ò tọ́jú wọn, wọ́n lè júwe ẹnì kan ní Gwarinpa fún yín, tàbí ní Kaduna tẹ́ ẹ lè wọ rélùwéè lọ láti Kubwa níbẹ̀. Wọ́n sì lè sọ fún yín pé ekuke, ajá ìbílẹ̀ wa, tí wọ́n tọ́ dáadáa lè ṣọ́ ilé, ooru Abuja ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ rò ó wò.

Tó bá wá jẹ́ Jos náà ni, ẹ ní kó ṣe fídíò kọ́ọ̀lù lórí WhatsApp, kì í ṣe fídíò tó ti ká sílẹ̀ o, kẹ́ ẹ rí ìyá ajá níbi tó ti ń fún àwọn ọmọ lọ́mú. Ẹ bi í ọjọ́ tó bí wọn, torí ọmọ ajá ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ ní kó fi káàdì abẹ́rẹ́ hàn yín, káàdì tó péye máa ń ní sítíkà tí wọ́n ṣí lára ìgò abẹ́rẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ déètì, dọ́kítà á wá sáìn sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ tán, irọ́ ló ń pa. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin títí á fi tó bí ọ̀sẹ̀ 16, ti dìgbòlugi sì máa ń tó bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fún un. Tó bá ní torí Vom wà nítòsí àwọn lára ajá òun fi le, lóòótọ́ ilé ìwádìí àìsàn ẹranko ti ìjọba ti wà ní Vom láti 1924, ṣùgbọ́n ìyẹn ò fún ajá ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, káàdì lẹ fẹ́ rí.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ìyá ajá sílẹ̀ kó sáré níwájú yín, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, torí German Shepherd máa ń ní wàhálà eegun ìbàdí, ó sì ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ọmọ tí ikùn ẹ̀ wú tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ sì yọ, aràn ló wà nínú ẹ̀. Ẹ fìka gbé ètè ẹ̀ sókè, erìgì ẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n díẹ̀, tó bá funfun báláú, ẹ má gbé e.

Ẹ mú Bàbá Ìbejì dání. Ẹ sọ fún un pé owó ọkọ̀ Jos, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san án, tí parvo bá mú ajá, ojoojúmọ́ lẹ máa sanwó dírípù. Láti Kubwa gba Keffi àti Akwanga gun Hawan Kibo, ó tó wákàtí márùn-ún, torí náà ẹ tètè jáde láàárọ̀, tó bá sì ti pẹ́ jù ẹ sùn sí Jos, Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, ẹ má rìn lóru. Ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì dání, ẹ fi pa ìyá ajá lára kẹ́ ẹ tó fi wé ọmọ ẹ̀, òórùn yẹn á fi í lọ́kàn balẹ̀. Tí mọ́tò bá dúró ní Akwanga kí àwọn èrò jẹun, ẹ má sọ ọmọ ajá yẹn sílẹ̀ kó tọ̀ o, torí àìsàn parvo máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò sì tíì pé. Lórí ẹsẹ̀ yín ni kó wà.

Ẹ pe obìnrin yẹn lálẹ́ òní, àsìkò tó ń fún wọn lóúnjẹ. Tó bá ṣí kámẹ́rà tó fi ìyá ajá hàn yín, ẹ dá ọjọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ tún un pè lọ́la, tó bá sì tún jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ló ń sọ lọ́tunla, ẹ wá ẹlòmíì.